Wọ́n ti dá sẹ̀ríà fún koríko àlejò lórí omi Ganvié, ṣé òṣíbàtà ti padà sílé?

Kò sẹ́ni tó ti jókòó níbi ìkómọjáde rí nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní í mọ àdúrà ojúoró àti òṣíbàtà. Bàbá àgbàlagbà kan yóò ti ìka bọ omi, yóò wo ojú ọmọ tuntun, yóò ní bí ojúoró ṣe ń lékè omi, tí òṣíbàtà ń lékè odò, bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọ náà máa lékè ìṣòro. Gbogbo wa yóò sì pariwo "Àṣẹ!", bẹ́ẹ̀ ojú wa ti wà lára ìrẹsì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àmọ́ ká sọ òótọ́ síra wa, mélòó nínú àwa tí à ń ṣe àṣẹ l'Ékòó, n'Íbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta ló mọ ojúoró yàtọ̀ sí òṣíbàtà? Mélòó ló ti fojú ara rẹ̀ rí wọn lórí omi?

Èmi mọ̀ wọ́n, nítorí pé etí omi ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ìyá tó bí ìyá mi ń gbé ní abúlé kan lójú omi tó ti Ọ̀jọ́ lọ sí Àgbádárìgì, ẹja ni wọ́n ń yan tà. Lọ́dún 1985, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, a kó agbọ̀n ẹja mẹ́ta sínú ọkọ̀, èmi, Ìyá Àgbà àti àbúrò ìyá mi tó ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí koríko fi ká wa mọ́. Ó wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, òdòdó aláwọ̀ àlùkò wà lórí rẹ̀, àfi bíi pé wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí omi. Àárọ̀ la há síbẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀ ká tó jàjà bọ́. Ọjà ti tú, òjò sì ti pa ẹja tí wọ́n fi ọjọ́ méjì yan.

Ìyá Àgbà ò sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti fi ojúoró àti òṣíbàtà ṣàdúrà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Tí wọ́n bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní, "Ta ló lékè omi báyìí? Àlejò ni. Ṣé ẹni tí wọ́n gbalé mọ́ lọ́wọ́ ni kí n wá fi ṣàdúrà fọ́mọ ọlọ́mọ?"

Ìyá Àgbà ti lọ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ohun tó mú mi rántí ọ̀rọ̀ wọn ni pé lóṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin wà nínú oyún, ọkọ rẹ̀ sì ti wá sọ fún mi pé èmi ni màá ṣàdúrà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ. Mo ní kí n tó la ẹnu mi sọ pé òṣíbàtà ń lékè odò, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó ná. Mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kòkòrò kan wà tó dá sẹ̀ríà fún koríko náà. Ni mo bá gbé báàgì mi, ó di Ganvié.

Ẹwà ló fi wọlé

Koríko tí mò ń sọ yìí làwọn òyìnbó ń pè ní wọ́tà-háyásìǹtì. Agbègbè odò Amasọ́nì ní Brazil ló ti wá. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ló tan àwọn èèyàn jẹ. Àwọn tó fẹ́ràn òdòdó ló gbé e láti ìlú kan dé ìkejì, wọ́n fi ṣọ̀ṣọ́ sínú ọgbà wọn, ìgbà tó sì bọ́ sódò ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Lọ́dún 1977 ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti dé orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dún 1984, ó yọ sí wa ní Àgbádárìgì. Kò gba bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ kọjá o, kò sì bá kọ́sítọ́ọ̀mù kankan sọ̀rọ̀. Adágún Nokoué tó wà lẹ́yìn Kutọnu so mọ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́, ọ̀sà Àjàṣẹ́ so mọ́ omi Àgbádárìgì, omi Àgbádárìgì sì so mọ́ ọ̀sà Èkó. Omi kan náà ni, èèyàn ló fi bọ́dà sí i.

Ohun tó mú un burú ni bó ṣe ń bí sí i. Tí omi bá ti bá a lára mu, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan ti di méjì, méjì ti di mẹ́rin. Èso rẹ̀ á rì sínú ẹrẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó hù. Ọrùn ewé rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù kékeré, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó rì. Ibi tó bá ti ṣù pọ̀ dáadáa, èyí tó wà lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo lè tó 400 tọ́ọ̀nù.

Ẹ wá ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Òṣíbàtà ní tirẹ̀, inú ẹrẹ̀ ló fìdí múlẹ̀ sí. Á na ọrùn ewé rẹ̀ gòkè wá, á tẹ́ ewé náà pẹrẹsẹ sójú omi kí oòrùn lè rí i. Tí ewé bá gòkè dé tó bá òrùlé níbẹ̀, kò sí oòrùn, kò sí oúnjẹ, ó parí nìyẹn. Ojúoró kò ní nǹkan ín ṣe pẹ̀lú ẹrẹ̀, òun náà ń léfòó kiri ni, ó rí bíi kábéèjì tó la ẹnu sókè. Ṣùgbọ́n kúkúrú ni, àlejò ga jù ú lọ, ó bò ó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi á máa dín kù, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó ń sá sábẹ́ òṣíbàtà ò ní í ríbi sá sí mọ́. Ohun tí Ìyá Àgbà fi ẹnu lásán sọ, òun gan-an lohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n gbalé mọ́ onílé lọ́wọ́.

Ìlú tó dúró sórí igi

Láti Mile 2, mo wọ mọ́tò dé Sẹ̀mẹ̀, láti Sẹ̀mẹ̀ mo wọ òmíì dé Kutọnu, mo sì sùn sí Abomey-Calavi mọ́jú. Afẹ̀mọ́jú ni mo débi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ganvié. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé mi gbọ́ Yorùbá dáadáa, torí pé ó ti ṣe bíríkìlà l'Ájégúnlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo bi í pé ṣé kò ní í tan ẹ́ńjìnnì ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, tí mo bá tan án nísinsìnyí, koríko á wé mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀pá tì í jáde ná." Ó mú ọ̀pá gígùn kan, ó ń fi ti ilẹ̀ abẹ́ omi, ọkọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Adágún náà fẹ̀ o, bó bá lọ sílẹ̀ pàápàá, ó tó kìlómítà 150 níbùú lóròó, àmọ́ kò jìn. Níbi tó pọ̀ jù, omi rẹ̀ kò ju gíga èèyàn kan lọ.

Ẹni tí kò bá tíì dé Ganvié rí, kó má kú láìdé ibẹ̀. Orí igi ni gbogbo ìlú dúró sí, ilé, ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tí kò tíì lé ní ọdún mẹ́fà ń dá tukọ̀ lọ sílé-ìwé. Àwọn ìyá ọlọ́jà jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú fìlà ràgàjì lórí, ẹ̀kọ wà níwájú wọn, tòmátì wà lẹ́yìn. Àwọn Tọfin ló ni ìlú náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó èèyàn tà fún òyìnbó lẹ́rú, ìtàn wọn sọ pé èèwọ̀ ni fún àwọn ológun náà láti bá ẹni tó ń gbé orí omi jà, ni àwọn èèyàn yìí bá sá wọ inú omi lọ. Orúkọ ìlú yẹn gan-an ń sọ pé a ti bọ́, ọkàn wa balẹ̀.

Ẹja ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ sínú omi, kó ṣù bí igbó, wọ́n ń pè é ní àkájà. Ẹja á wọ ibẹ̀ lọ pamọ́, á jẹun, á bímọ, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á kó o. Ẹ rí i pé ìlú tó jẹ́ pé omi ni ọjà rẹ̀, omi ni ọ̀nà rẹ̀, omi ni oko rẹ̀, ọjọ́ tí koríko bá dí omi, ìlú dí pátápátá nìyẹn. Ẹni tó ń rọbí kò ní í rọ́nà délé ìwòsàn.

Kí n má parọ́ fún yín, mo rí koríko náà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkájà, ó wà lábẹ́ ilé, òmíì ń léfòó lọ ní tirẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sóde ìnáwó. Àmọ́ omi ṣí sílẹ̀ láàárín, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bó ṣe rí láyé bàbá rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì títí tí ọkọ̀ fi mì. Ó ní àwọn àgbà sọ pé ajá lè rìn kọjá lórí rẹ̀.

Kòkòrò tí kò tó èékánná

Iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n ń pè ní IITA, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà n'Íbàdàn wa níbí, ní ẹ̀ka kan ní Abomey-Calavi, kò sì jìnnà sí adágún yẹn. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti jókòó bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀ kan tó yẹ ká ti bi tipẹ́: kí ló dé tí koríko yìí kò ya wèrè tó báyìí ní Brazil tí wọ́n ti bí i? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó ní ọ̀tá nílé. Ìgbà tó rìnrìn àjò, ọ̀tá náà kò bá a wọkọ̀.

Láàárín 1991 sí 1993, wọ́n tú irú kòkòrò méjì sórí omi Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì fi labalábá kékeré kan tó ń fò lóru kún un. Mọ̀lẹ́bí kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo nínú àpò làwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn. Gígùn ọ̀kan kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Òru ni wọ́n ń jẹun. Àgbà rẹ̀ á máa họ ara ewé, ọmọ rẹ̀ á gbẹ́ ihò wọ inú ọrùn ewé tó kún fún afẹ́fẹ́ yẹn, omi á wọlé, ìdíbàjẹ́ á bẹ̀rẹ̀, koríko á rì. Wọ́n ti fi oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn dán an wò kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, koríko yẹn ni oúnjẹ rẹ̀, kì í wá ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́.

Kò yá o. Ẹni tó bá ń retí pé kí koríko kú lọ́sẹ̀ kejì, á ní wọ́n fi owó ṣòfò ni. Ọdún ń gorí ọdún. Àmọ́ ní Tévèdji, létí odò Wémẹ̀, níbi tí koríko ti bo gbogbo ojú omi láìku ibì kan, láàárín ọdún mẹ́jọ, ó ti wálẹ̀ di márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Wọ́n tún ka owó tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 1999, àwọn olùwádìí fọ̀rọ̀ wá èèyàn 365 lẹ́nu wò ní abúlé 24 lápá gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003 ni pé nígbà tí koríko náà wà lójú agbára rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 83.9 dọ́là ló ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lọ́dún kan. Ẹja ló bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, òwò ẹja àti ti oúnjẹ ló bọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Mo rántí agbọ̀n mẹ́ta Ìyá Àgbà. Nígbà tí kòkòrò ti ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan, mílíọ̀nù 30.5 dọ́là ti ń padà wọlé fún wọn lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ gbogbo owó tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ kòkòrò náà kò ju mílíọ̀nù méjì dọ́là ó lé díẹ̀ lọ.

Nǹkan kan tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún ṣe mí ní kàyéfì. Brazil tí koríko yìí ti wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Wọ́n mú orúkọ ojúoró àti òṣíbàtà dé ọ̀hún, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé sì ń pè é bẹ́ẹ̀ dòní, wọ́n ń fi ewé rẹ̀ ṣètùtù fún òrìṣà omi. Àwa fi èèyàn àti orúkọ ewé ránṣẹ́ sí wọn, koríko ni odò tiwọn fi ránṣẹ́ sí wa.

Òṣíbàtà ńkọ́?

Oúnjẹ ti dé, ọkọ̀ ti ń lọ, ó dáa. Ṣùgbọ́n nǹkan tí mo tìtorí rẹ̀ wá kò tíì yọjú. Láti Calavi dé Ganvié, mo ń na ọrùn bíi àkẹ̀, n kò rí òṣíbàtà kan ṣoṣo. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan nínú ọkọ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ tó fẹ́ ọkọ síbẹ̀, gbọ́ tí mò ń bèèrè. Ó fi Yorùbá dá mi lóhùn pé, "Bàbá, òṣíbàtà kì í jẹ iyọ̀. Ẹ gòkè lọ sí odò Sọ̀."

Ni a bá gòkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí omi mọ́, ó ń pa á níbi tí koríko bá wà. Bí a ṣe ń jìnnà sí adágún, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ omi ń yí padà, etíkun ń sún mọ́ra, igi ń dà bojú odò. Lẹ́yìn wákàtí kan ó lé, ó ya sí ọ̀nà omi tóóró kan lápá òsì, ó pa ẹ́ńjìnnì, kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n wà níbẹ̀. Ewé wọn tẹ́ sójú omi bí àwo tánganran, etí ewé rí ṣágiṣàgi, òdòdó funfun báláú dúró lórí ọrùn láàárín wọn. Òru ni òdòdó òṣíbàtà máa ń là, tí oòrùn bá ti mú á pa ẹnu dé, nítorí náà òmíì ti ń padé bí ẹni tí oorun ń kùn. Ojúoró ṣù jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ewéko kan tó ń fà lórí omi, tí ewé rẹ̀ jọ ti ọ̀dùnkún, torí mọ̀lẹ́bí ọ̀dùnkún ni, ti nà láti etí bèbè. Ẹyẹ kékeré kan tó ní ìka gígùn ń rìn lórí ewé, ewé kò rì. Koríko àlejò wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n kò ní ìgbéraga mọ́. Mo fa ọ̀kan, ewé rẹ̀ kún fún àpá wínníwínní bí ẹni tó ti ṣe ṣàpànná rí. Ibi tí kòkòrò ti họ ọ́ nìyẹn.

N óò sọ òótọ́, omi bọ́ lójú mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rò pé kòkòrò ló wọ̀ mí lójú.

Ta ló tún wọn gbìn? Kò sẹ́nì kankan. Èyí ló yẹ ká fi sọ́kàn. Gbogbo ọdún tí àlejò fi ń jẹgàba, òṣíbàtà ò kú tán. Hóró rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Iṣu rẹ̀ wà níbi tí omi ti pa mọ́. Ó tún wà nínú àwọn ihò ẹja tí àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Wémẹ̀ máa ń gbẹ́, kí odò tó kún lè fi ẹja sílẹ̀ fún wọn nígbà tó bá fà. Nígbà tí òrùlé ṣí, tí oòrùn tún kan ẹrẹ̀, onílé yọjú. Ṣùgbọ́n ibi tí koríko tó rì ti jẹrà ṣù sísàlẹ̀ bí àkìtàn, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe máa ń rí níbẹ̀. Koríko mìíràn lè gba àyè náà kí onílé tó dé. Ojúoró pàápàá, ẹ má fi ojú ẹni mímọ́ wò ó, tí àyè bá gbà á tán, òun náà máa ń ya bo omi, débi pé wọ́n ti fi kòkòrò tirẹ̀ náà lé e ní Bẹ̀nẹ̀. Lílé olè jáde yàtọ̀ sí kí onílé padà sùn sórí ibùsùn rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tó ṣì wà ní ṣíṣí

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí ìyá ẹlẹ́ja sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́dún 1885, àwọn Faransé gbẹ́ ọ̀nà omi kan la Kutọnu já, ó so adágún pọ̀ mọ́ òkun. Láti ìgbà náà, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi òjò dín kù, omi òkun á wọlé, adágún á níyọ̀. Iyọ̀ yìí á pa koríko àlejò, gbogbo èèyàn á yọ̀. Àmọ́ ó ń pa òṣíbàtà náà, ìdí nìyẹn tí kò fi lè jọba lójú adágún. Ó tún ń pa kòkòrò wa, nítorí pé bí koríko bá kú, kí ni kòkòrò yóò jẹ? Tí òjò bá tún dé, koríko á sọ̀ kalẹ̀ láti òkè odò, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí, kòkòrò á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀sà Èkó. Ẹni tó bá ń gba Third Mainland Bridge lọ síbi iṣẹ́ ti rí i, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, kápẹ́ẹ̀tì dé, bí ọyẹ́ bá ti mú, ó lọ.

Ìkejì ni ẹ̀gbin. Koríko àlejò fẹ́ràn omi tí ìgbẹ́, ìdọ̀tí ọjà àti ajílẹ̀ oko ń ṣàn sí. Òun ló fi ń sanra. Ilé ń pọ̀ sí i ní Kutọnu àti Calavi, ẹ̀gbin wọn sì ń wá sínú adágún, bí tiwa ṣe ń ṣàn wọ ọ̀sà. Lọ́dún 2000, wọ́n fi adágún yìí àti àfonífojì Wémẹ̀ sínú ìwé Ramsar, ìyẹn àwọn ilẹ̀ omi tí gbogbo ayé gbà pé ó yẹ ká dáàbò bò. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kì í dá gọ́tà dúró.

Àwọn ará etí adágún Victoria mọ èyí dunjú. Lọ́dún 1998, lápá ti Kenya níbẹ̀, koríko yìí ti gba nǹkan bíi hẹ́kítà 17,000. Wọ́n lo kòkòrò kan náà, ó wálẹ̀ gan-an, wọ́n dúpẹ́. Lẹ́yìn òjò ńlá ọdún 2006, ó tún ya dé. Hóró wà nínú ẹrẹ̀, oúnjẹ wà nínú omi. Ilẹ̀kùn ò tì.

Nígbà tí mo padà dé Èkó, mo lọ wo àwọn tó ń kó koríko nínú kànáà kan nítòsí ilé mi. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, kí Ọlọ́run fún wọn lókun. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá ti tutù ni wọ́n ń fà, ti onílé, ti àlejò. Wọ́n sì ń kó o jọ sí etí omi níbẹ̀, kí òjò àkọ́kọ́ lè dá a padà. Tí a bá fẹ́ kí òṣíbàtà padà, ká kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lójú, ká fi í sílẹ̀ níbi tó bá wà, ká kó àlejò jìnnà sí omi, ká sì yéé fi ọ̀sà ṣe ààtàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fa òdòdó aláwọ̀ àlùkò yẹn lọ sínú agbada omi ní iwájú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹwà bẹ́ẹ̀ ló kó wa sí wàhálà.

Lóṣù kọkànlá, ọmọ mi bí ọkùnrin làǹtìlanti. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n gbé omi síwájú mi. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo wo ojú rẹ̀, mo ní bí ojúoró ṣe ń lékè omi, tí òṣíbàtà ń lékè odò, bẹ́ẹ̀ ni kó máa lékè. Mo wá fi tèmi kún un, mo ní bí wọ́n bá tilẹ̀ gbalé mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, kí gbòǹgbò rẹ̀ má kúrò nínú ẹrẹ̀, títí tí ilé yóò fi tún ṣí. Àwọn kan ṣe àṣẹ. Bàbá tó jókòó tì mí tẹ́ ẹnu sí mi létí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú àdúrà wo tún nìyẹn?"

Mo ní kí ó jẹ́ ká jẹun tán ná, ọ̀rọ̀ náà gùn.